Kámẹ́rà Mélòó Ló Tó Ẹnì Kan?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ gan-an, ṣùgbọ́n owó wà nínú rẹ̀, nítorí náà ó kàn wá. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọn kì í ṣe fọtógíráfà tó ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n tí wọ́n fẹ́ràn fọ́tò yíyà bí àwọn mìíràn ṣe fẹ́ràn ayò títa tàbí bọ́ọ̀lù wíwò. Irú wọn á ra kámẹ́rà kan, kò ní pẹ́ tí wọ́n á tún ra èkejì, ẹ̀kẹta á sì ti wà lójú ọ̀nà. Àwọn ará ilé á wá máa béèrè pé, "Ojú mélòó lẹ ní ná, tí ẹ fi ń ra kámẹ́rà mẹ́ta?" Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí á dáhùn rẹ̀ dáadáa.

Ẹ wo ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Ìkòkò tó fi ń ro àmàlà kọ́ ló fi ń dín àkàrà. Kò sí ẹni tó máa pè é ní onínàákúnàá nítorí pé ó ní ìkòkò, ó tún ní agbada. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ agbada mẹ́ta ló ní, tí ọ̀kan ṣoṣo ń gbóná, tí méjì yòókù ń dípẹtà lẹ́yìnkùlé, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kámẹ́rà. Kì í ṣe iye rẹ̀ ló yẹ kí á máa kà, iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe ni, àti ìgbà tó ṣe é gbẹ̀yìn.

Àwọn tó ń ṣe fóònù pàápàá mọ̀ pé ojú kan kì í ṣe gbogbo iṣẹ́. Ẹ dá fóònù òde òní dojú bolẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: ojú méjì tàbí mẹ́ta ni ẹ ó rí lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Ọ̀kan ń wo gbogbo àgbàlá pátá, ọ̀kan ń wo ohun tó wà níwájú gan-an, ọ̀kan ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra. Ẹni tó ní irú fóònù bẹ́ẹ̀ ti ní kámẹ́rà mẹ́ta lápò láìmọ̀.

Kí wá ni kámẹ́rà? Àpótí tó ṣókùnkùn ni. Awò wà níwájú rẹ̀, òun là ń pè ní lẹ́ǹsì. Ihò wà lára lẹ́ǹsì yẹn, tí a lè fẹ̀ tàbí kí á fún nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà. Ilẹ̀kùn wà tó ń ṣí tó sì ń tì kí ojú tó ṣẹ́. Ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ sì wà lẹ́yìn pátápátá, ìbáà jẹ́ fíìmù, ìbáà jẹ́ ojú tó ń fi iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì ṣiṣẹ́ nínú àwọn kámẹ́rà tí kò lo fíìmù mọ́. Àti Brownie tí Kodak gbé jáde ní 1900 tó ń tà á ní dọ́là kan péré, àti èyí tí owó rẹ̀ tó owó ọkọ̀ lónìí, nǹkan mẹ́rin yìí náà ló wà nínú wọn. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni bí nǹkan mẹ́rin náà ṣe tóbi sí, bí wọ́n ṣe yára sí, àti bóyá a lè yọ èyí kí á fi tọ̀hún sí i.

Ẹ jẹ́ kí á mú ohun tó wà lẹ́yìn yẹn yẹ̀ wò ná. Fíìmù tó wọ́pọ̀ jù, tí kámẹ́rà Leica sọ di gbajúmọ̀ láti ilẹ̀ Jámánì ní 1925, fíìmù sinimá ni tẹ́lẹ̀. Fọ́tò kan lórí rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 24 sí 36, ó sì lè gba fọ́tò 36. Fíìmù kejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní 120, tó ti wà láti 1901. Bí kámẹ́rà bá ń ya onígun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba lórí rẹ̀, fọ́tò 12 péré ni yóò gbà, ṣùgbọ́n fọ́tò kan á fi bí ìlọ́po mẹ́ta àtààbọ̀ tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyí tí fọ́tò ara ògiri tí àwọn bàbá wa yà ní ṣọ́ọ̀bù láyé ìjọ́hun fi mọ́ kedere tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ lè ka òwú ara aṣọ òfì wọn. Ní ti fóònù, ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò tóbi ju èékánná lọ. Lọ́sàn-án gangan, ẹ kò ní mọ̀. Tó bá di alẹ́, níbi àìsùn òkú àgbà tí iná jẹnẹrétọ̀ ń ṣe bàìbàì, ẹ ó mọ̀.

Wàyí o, irú fọ́tò wo lẹ fẹ́ràn? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹni tó fẹ́ràn ojú ènìyàn, iṣẹ́ sùúrù ló gbà. Ẹ ṣàkíyèsí pé bí a bá gbé fóònù sún mọ́ ènìyàn jù, imú rẹ̀ á yọ síwájú bí ti ẹlòmíràn, etí á sì sá sẹ́yìn. Kì í ṣe ẹ̀bi imú. Sísún mọ́ ọn jù ló fà á. Ó yẹ kí á tẹ̀ sẹ́yìn tó ìwọ̀n mítà méjì, kí á sì lo lẹ́ǹsì tó ń fa nǹkan mọ́ra díẹ̀, bíi mìlímítà 85 sí 105 lórí kámẹ́rà tó ń lo fíìmù 36 yẹn. Lẹ́ǹsì 50 ni wọ́n ń kà sí ti ojúmọ́, tí kì í fà, tí kì í tì.

Kámẹ́rà kan tún wà fún iṣẹ́ yìí tí mo fẹ́ràn ju gbogbo yòókù lọ, èyí tó ní awò méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Rolleiflex ti ilẹ̀ Jámánì ló kọ́kọ́ gbayì nínú wọn ní 1929. Yashica ti ilẹ̀ Jàpáàn ṣe tirẹ̀ tó rọ́jú díẹ̀, Mat-124G, láti 1970 títí di 1986. Ìbejì gidi ni awò méjèèjì. Ti òkè ni Táyéwò, òun ló ń tọ́ ayé wò fún yín. Ti ìsàlẹ̀ ni Kẹ́hìndé, òun ló ń ya fọ́tò. Àyà lẹ ó gbé kámẹ́rà náà sí, ẹ ó tẹrí ba wo orí rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ó bá àṣà wa mu? Bí ẹ bá fẹ́ ya àgbàlagbà, ẹ kò ní na nǹkan sí i lójú bí ẹni na ìbọn. Ṣe lẹ ó tẹrí ba fún un. Ojú àgbà á sì rọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀tún á di òsì lójú ẹni tó ń wò ó, ó sì lọ́ra. Fọ́tò 12 á tán kí olúwẹ̀ẹ́ tó jókòó sórí àga.

Nígbà tí mo dárúkọ ìbejì, mo rántí ohun tí Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ ní 1978 nípa àwọn fọtógíráfà ìlú Ìlá-Ọ̀ràngún. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, fọtógíráfà á ya èyí tó kù, á wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, tí yóò fi dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ pé ọkùnrin lọ́kàn, tí ìkejì jẹ́ obìnrin, wọ́n á wọ aṣọ èyí tó lọ fún èyí tó kù kí wọ́n tó ya èkejì. Ìyá á gbé e sílé, á sì máa wò ó. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ kámẹ́rà tó ń sáré.

Ẹni tó bá fẹ́ràn nǹkan tó ń rìn ńkọ́? Eégún tó ń pòyì, ọmọdé tó ń sá tẹ̀lé táyà, ìyàwó tó ń jó wọ gbọ̀ngàn. Ibí yìí ni Táyéwò àti Kẹ́hìndé á ti já yín kulẹ̀. Kámẹ́rà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ yára lẹ ń fẹ́, tí ó lè ṣí fún ìdá kan nínú ọ̀nà 500 ìṣẹ́jú àáyá kan, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ sì lè máa gbé sójú kíákíá. Pentax K1000 tí wọ́n ṣe láti 1976 di 1997 jẹ́ irú rẹ̀ tó ń lo fíìmù: irin ni, kò ní ẹ̀tàn nínú, bátìrì tó wà nínú rẹ̀ kò ju ká fi wọn ìmọ́lẹ̀ lọ, bí bátìrì kú, kámẹ́rà kò kú. Ṣùgbọ́n ní tòótọ́, fún nǹkan tó ń sáré, ti òde òní tí kò lo fíìmù ló dára jù. Ẹ lè ya igba fọ́tò níbi ọdún kan, kí ẹ ju 190 nù, kò ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Ti ẹyẹ àti ẹranko tó jìnnà, owó ńlá ni. Lẹ́ǹsì mìlímítà 400 ń fa lékelèke mọ́ra ní ìlọ́po mẹ́jọ ti lẹ́ǹsì 50, ṣùgbọ́n bó ṣe ń fa ẹyẹ náà ló ń fa gbígbọ̀n ọwọ́ yín. Ó wúwo, ó ń fẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta tí a máa gbé e lé. Èrò tèmi ni pé òun ló yẹ kó kẹ́yìn nínú ohun tí ènìyàn máa rà, àfi ẹni tí oko rẹ̀ wà létí igbó tó sì ń rí ẹyẹ lójoojúmọ́. Ti nǹkan kéékèèké, bíi kòkòrò tàbí batani ara àdìrẹ, kò fẹ́ kámẹ́rà tuntun rárá. Òrùka tí wọ́n ń fi sáàárín lẹ́ǹsì àti kámẹ́rà ti tó.

Èyí tó ń bí fọ́tò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ńkọ́? Polaroid ló bẹ̀rẹ̀ títà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1948. Ilé-iṣẹ́ náà kéde ní 2008 pé òun kò ní ṣe ìwé rẹ̀ mọ́, àwọn mìíràn ló gba iṣẹ́ náà ṣe ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì. Fujifilm ti ń ṣe Instax tirẹ̀ láti 1998. Ìwé mẹ́wàá ló wà nínú páálí Instax kan, fọ́tò mẹ́wàá nìyẹn, kò sí àtúnṣe. Ẹni tó bá ní ojú owó á sọ pé ó wọ́n. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e dání lọ sí abúlé, kí ẹ ya ìyá àgbà tí kò lo fóònù, kí ẹ sì fà á lé e lọ́wọ́ níbẹ̀. Fọ́tò tó wà nínú fóònù yín, òun kò ní i.

Ti inú àpò tí ẹ ó máa gbé kiri, ẹ má ra á. Fóònù yín ti gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ni ẹnì kan gbọ́dọ̀ ní. Olóògbé J. D. 'Okhai Ojeikere, tó kú ní 2014, Brownie kékeré kan tí kò ní iná ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Láti 1968 ló ti ń ya irun dídì àwọn obìnrin ilẹ̀ wa, ó sì ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ẹ̀yìn orí ló ti yà wọ́n, kí dídì náà lè hàn. Ó mọ ohun tó ń wá. Ẹni tó mọ ohun tó ń wá, kámẹ́rà tó máa rà á máa dín kù fúnra rẹ̀ ni.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ owó. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé ẹni tó ń lo Toyota kì í lọ ra páàtì Peugeot. Lẹ́ǹsì ilé-iṣẹ́ kan kì í sábà wọ ara kámẹ́rà ilé-iṣẹ́ mìíràn. Nígbà mìíràn, ti ilé-iṣẹ́ kan náà pàápàá kì í wọ ara wọn: Canon yí ẹnu lẹ́ǹsì rẹ̀ padà ní 1987, ti àtijọ́ kò sì wọ ti tuntun. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ní kámẹ́rà méjì tó ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì, kí wọ́n jẹ́ ẹnu kan náà, kí lẹ́ǹsì mẹ́ta lè sin méjèèjì. Ẹ tún béèrè fíìmù kí ẹ tó béèrè iye. Kámẹ́rà Instamatic tí Kodak gbé jáde ní 1963 pọ̀ nílé àwọn àgbà, ó rẹwà, ṣùgbọ́n fíìmù 126 tó ń jẹ kò sí ẹni tó ń ṣe é mọ́. Fíìmù Kodachrome náà dópin ní 2009. Nígbà tí 2010 fi parí, ilé-iṣẹ́ tó gbẹ̀yìn láyé tó ń fọ̀ ọ́ ti jáwọ́. Kámẹ́rà tí kò rí oúnjẹ jẹ, ohun ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ ń rà, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání lọ. Ẹ yọ lẹ́ǹsì, ẹ fẹ ihò rẹ̀ tán, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn, ẹ wo inú rẹ̀ láti iwájú. Ẹ ṣí ibi bátìrì: bó bá ní èérí aláwọ̀ ewé, bátìrì ti jò sínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ṣí ẹ̀yìn ti onífíìmù, ẹ fi ìka kan fóòmù dúdú tó yí ilẹ̀kùn ká. Nínú kámẹ́rà tó ti pé ogójì ọdún, ó sábà máa ń ti yọ́ bí ọ̀dà. Ìyẹn kò le, a lè pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi já owó.

Kí ni tọ́ọ̀ṣì yẹn ń wá nínú lẹ́ǹsì? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀ jù, nítorí òun ló ń pa kámẹ́rà ní ilẹ̀ wa ju olè lọ. Bí búrẹ́dì ṣe ń bu, bẹ́ẹ̀ ni awò ń bu. Ní ìgbà òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń pọ̀. Bí kámẹ́rà bá wà nínú òkùnkùn, láìlò, ní ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́ sí i, ohun funfun kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí òwú aláǹtakùn láàárín awò kan sí èkejì. Bí a bá tètè rí i, alátùn-únṣe lè tú u kó sì nù ún. Bó bá pẹ́, ohun náà á ti jẹ ara awò, àpá rẹ̀ kò sì ní lọ mọ́. Fọ́tò á máa dà bí ẹni pé èéfín wà níwájú rẹ̀.

Àpò aláwọ tó dára tí wọ́n fi tà á fún yín, tí ẹ rò pé òun ló ń dáàbò bò ó, òun gan-an lọ̀tá. Awọ ń fa omi mọ́ra. Ẹ yọ kámẹ́rà kúrò nínú rẹ̀ bí ẹ kò bá gbé e jáde. Inú abọ́ oníke tí ìdérí rẹ̀ dé pinpin ni kí ẹ kó wọn sí, kí ẹ kó àwọn àpò ìwé kéékèèké tí ẹ máa ń bá nínú páálí bàtà tuntun sí i, àwọn tó ní hóró nínú tí wọ́n kọ sí lára pé kí a má jẹ. Ẹ̀yin tó ń ta bàtà, ẹ má dà wọ́n nù mọ́! Hóró yẹn ń mu ọ̀rinrin. Bó bá mu yó, kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ń fi ìrẹsì gbígbẹ dípò rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn, ẹ̀tù ara ìrẹsì á wọ inú lẹ́ǹsì. Ẹ yọ bátìrì kúrò nínú èyí tí ẹ kò ní lò fún oṣù kan. Bí ẹ bá ti inú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà jáde sínú ooru, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà wà nínú àpò tí ẹ dì fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó yọ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á sẹ̀ sí i lára bí ìgò mínírà. Nígbà ọyẹ́, ọ̀rinrin kò sí, eruku ló kù: ẹ má pààrọ̀ lẹ́ǹsì ní gbangba.

Ohun tó dára ju gbogbo èyí lọ ni lílò. Kámẹ́rà tó ń rí oòrùn àti afẹ́fẹ́ lóṣooṣù kì í sábà bu. Ẹ wá rí ibi tí ìbéèrè àkọ́kọ́ dé báyìí. Ẹni tó bá lè lo kámẹ́rà mẹ́ta lóṣù kan, kó ní mẹ́ta. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀kan ló ń gbé jáde, èkejì tó rà ti ń kú díẹ̀díẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, owó rẹ̀ sì ń bá a lọ.

Ní ti owó ẹ̀yáwó ẹgbẹ́, èrò mi kò fara sin. Ẹ̀yáwó wà fún ohun tó máa bí owó tí a ó fi san án padà, tàbí fún ìṣòro tó dé láìròtẹ́lẹ̀. Kámẹ́rà ìgbádùn kò bí nǹkan kan. Ẹ fi owó tí ẹ fi pamọ́ fún un rà á, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì lo ti àkọ́kọ́ fún odidi ọdún kan kí ẹ tó mọ ohun tí kò lè ṣe fún yín.

Ọ̀nà mìíràn tún wà, tí àwa ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò yẹ kí á gbàgbé, nítorí àwọn àgbẹ̀ ti ń ṣe é kí ẹgbẹ́ tó dé: àáró ni. Bí ẹni mẹ́ta nínú ẹ̀ka kan bá fẹ́ràn fọ́tò, kí ọ̀kan ra ti ojú ènìyàn, kí ọ̀kan ra ti nǹkan tó ń sáré, kí ẹ̀kẹta ra ti ojú ẹsẹ̀. Kí wọ́n máa yá ara wọn lò. Kámẹ́rà mẹ́ta á wà níkàáwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, iye ọ̀kan ni yóò san, kò sì sí èyí tó máa ráyè bu. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí a ṣe ń kọ gbogbo nǹkan wa: ẹni tó gbà á, ọjọ́ tó gbà á, ọjọ́ tó ń dá a padà, àti pé ẹni tí kámẹ́rà bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò san owó alátùn-únṣe. Kí bátìrì rẹ̀ kún nígbà tó bá ń dá a padà, kí fíìmù ẹlòmíràn má sì wà nínú rẹ̀.